Irùngbọ̀n Imrich

Vlasta kò fẹ́ràn họ́kì orí yìnyín rí. Ilé búrẹ́dì ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Imrich ọkọ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ wa ń pa bí ọtí. Òun àti èmi la jọ máa ń jókòó ní pápá. Bí ẹgbẹ́ bá ti wọ ìdíje òpin sáà, àwọn eléré kì í fá irùngbọ̀n mọ́ títí wọ́n á fi pàdánù tàbí gba ife. Imrich náà kì í fá tirẹ̀. Kí irùngbọ̀n ọ̀hún tó hù dáadáa, wọ́n á ti lé wa lọ sílé.

Lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ wa ń borí ṣáá. Ọdún yìí náà ni àìsàn ọkàn gbé Imrich dé ọsibítù.

"Imrich, ewúrẹ́ ni ẹ́ àbí èèyàn?" mo bi í nígbà tí mo rí irùngbọ̀n rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ewúrẹ́ tó máa gba ife ni mí. Ìwọ tó o fá tìẹ, ojo ni ẹ́."

Ó kú lọ́sẹ̀ yẹn. Vlasta kò sunkún. Ó ń nu tábìlì tó ti mọ́. Nígbà tí a gbé kóòtù Imrich lọ fún ọkùnrin tó ń tọ́jú òkú, ọkùnrin náà mú abẹ.

"Má fá a," Vlasta wí.

Jarmila ọmọ wọn ní, "Màámi, ẹ wo bó ṣe rí játijàti. Àwọn èèyàn ń bọ̀."

"Ẹgbẹ́ ò tíì pàdánù."

"Bàbá ti kú, màámi."

"Mo mọ̀ pé ó ti kú. Ẹgbẹ́ ò tíì pàdánù."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe sin ín. Ojú tì mí, n ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó kàn ló mọ̀.

Vlasta gba ìjókòó Imrich lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní pápá. Kò pàtẹ́wọ́ rí. Bí wọ́n bá jẹ góòlù, á ní, "Tiwa ni?"

Ó ku díẹ̀ ká dé àṣekágbá ni wọ́n lé wa. Àgbà ọkùnrin ń sunkún yí wa ká.

"Ó ti parí?" Vlasta bi mí.

"Ó ti parí, Ìyá Jarmila."

Lọ́jọ́ kejì, mo fi mọ́tò gbé e lọ sí itẹ́ òkú. Ó tan àbẹ́là. Lẹ́yìn náà ó mú abẹ Imrich jáde nínú báàgì, pẹ̀lú ọṣẹ ìfárùngbọ̀n, ó kó wọn sórí ibojì.

"Bàbá Jarmila, wọ́n ti lé yín. Ẹ lè fá a báyìí."

Ó dúró bí ẹni tó ń dúró de ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ó wá wojú mi.

"Kornel, kò ní fá a mọ́, àbí?"

"Rárá, Ìyá Jarmila."

Ìgbà yẹn ló tó sunkún.