Orọ́ Tí Kùrukùru Ń Fún Lómi

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ní gbogbo ẹ̀sítéètì wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, èmi ni wọ́n ń kó kọ́kọ́rọ́ ilé fún bí wọ́n bá ń rìnrìn àjò. Bàbá ará ilẹ̀ Ṣílè tó ń gbé lókè wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń lọ sí ọsibítù fún iṣẹ́ abẹ, èmi ló gbé orọ́ rẹ̀ mẹ́sàn-án fún.

Wọn ò tóbi ju àgbálùmọ̀ lọ, ẹ̀gún yí wọn ká. Aṣálẹ̀ etí òkun ni wọ́n ti ń hù, níbi tí òjò kì í rọ̀. Kùrukùru orí òkun ni wọ́n ń mu. Bàbá ní àwọn olè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ hú wọn tán lọ́hùn-ún, wọ́n ń tà wọ́n. Láti inú kóró ló ti gbin tirẹ̀, wọ́n sì dàgbà ju àkọ́bí mi lọ.

Ó di ọwọ́ mi mú. "Ọ̀rẹ́ mi, má fún wọn lómi rárá o."

Mo tò wọ́n sójú fèrèsé bálùwẹ̀, ibi tí oòrùn wà. N kò kán omi kankan sí wọn. Ẹni tó bá ní n kò tọ́jú wọn, irọ́ ló pa.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá ń bọ̀ láti ọsibítù, mo gbé ọ̀kan. Ìka mi wọnú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ ọsàn jíjẹrà. Mo pe ìyá ìyàwó mi, tó wá kí wa láti Ìwó.

"Mummy, ta ló ń bomi sí nǹkan wọ̀nyí?"

"Èmi ni. Ìyókù omi àlùwàlá mi ni. Ṣé kí n dà á sí ṣáláńgá ni? Sàárà ni mo ṣe."

"Wọn kì í mumi, Mummy!"

"Kí ló wà láyé tí kì í mumi? Ràkúnmí gan-an ń mu! Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù, ẹ fi òǹgbẹ pa igi, ẹ ní ọ̀làjú ni."

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí mo ti ń gbọ́ ọ̀pá Bàbá lórí àtẹ̀gùn.

Ó wọlé, kò kí wa tán tó fi béèrè wọn. Mo gbé wọn síwájú rẹ̀, mo sì sọ òótọ́. Ó ní kí n mú ọ̀bẹ wá. Ó ń gé ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ibi tí ara ṣì funfun. Èyí tó pọ̀ jù ti dúdú kanlẹ̀. Ìyá ìyàwó mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀: "Bàbá, ẹ foríjì mí, n kò mọ̀."

Méjì tó wà ní kọ̀rọ̀, tí ọwọ́ Mummy kò tó, ló yè. Méje ló kú.