Kẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́rẹ̀ Lójú Ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́

Irin kẹ̀kẹ́ ológeere mi kán lọ́dún tó kọjá, wẹ́dà sì ní òun kò lè jó o pọ̀ mọ́. Ó dùn mí, nítorí àárọ̀ Sátidé ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa ń gun kẹ̀kẹ́ jáde láti Ìperu lọ sí apá Ìkẹ́nnẹ́. Obì ni ẹ̀gbọ́n mi ń tà ní Mákun. Orúnkún ń dùn wọ́n, ìrìn ẹsẹ̀ ti sú wọn, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ bá wọn lára mu.

Mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ní Ṣàgámù. Ojú mi bọ́ sára ọ̀kan tó fúyẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀ bí ìwo àgbò, tí táyà rẹ̀ sì ní eyín.

“Sàíkílọ́kírọ́ọ̀sì lèyí, mà,” ó ní. “Inú ẹrẹ̀ làwọn òyìnbó ti ń fi í sáré ìje.”

“Èmi kì í sáré ìje o. Fàájì lásán ni tèmi. Ṣé ó máa bá mi mu?”

“Ẹ gbé e lọ dán wò. Tí kò bá wù yín, ẹ gbé e padà.”

Òjò rọ̀ mọ́jú Sátidé. Nígbà tí a yà kúrò lórí ọ̀dà sí ọ̀nà oko, eyín táyà yẹn gbá ilẹ̀ mú, kò yọ̀ rárá. Níbi tí àgbàrá ti gé ọ̀nà, ńṣe ni mo gbé e kọ́ èjìká kọjá. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé a jọ jáde ni.

Nígbà tí mo wẹ̀yìn, n kò rí ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Mo dúró dè wọ́n lábẹ́ igi obì kan. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀yìn ń ro mí, ọrùn mi sì ti gan, nítorí bí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ ni èèyàn ń rí lórí kẹ̀kẹ́ náà. Ilẹ̀ ni mo ń wò bọ̀. N kò mọ ẹni tó kí mi lọ́nà.

Wọ́n dé, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Ṣé o ń sá fún mi ni?”

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Kẹ̀kẹ́ yìí ló ń gbé mi lọ.”

“Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ ta ló ń tẹ̀ ẹ́?”

Ẹ̀rín pa mí. A ra àgbàdo sísun, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ mi kò ní karíà tí a ń so ẹrù mọ́ lẹ́yìn. Tiwọn la so ó mọ́. Nígbà tí a ń padà, ẹrẹ̀ ta sí mi lẹ́yìn títí dé orí.

“Gbé e padà,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí nígbà tí mo ń fọ ẹrẹ̀ náà kúrò. “Bí a kò bá lè máa sọ̀rọ̀ lọ, kí la ń jáde fún?”

Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ọkàn mi ṣì wà ní ọ̀nà oko yẹn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ro gbogbo rẹ̀ fún ọkùnrin tó ń ta kẹ̀kẹ́. Kò tàn mí. Ó ní bí òun bá máa fi ọwọ́ gbọọrọ tí kò tẹ̀ sí i, àfi kí òun pààrọ̀ bíréèkì rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n òun lè gbé ọwọ́ náà sókè, kí òun sì fi karíà àti ohun tó ń bo táyà sí i. Ó ṣe é. Mo gùn ún yí àdúgbò ká, òkè ọwọ́ náà ni mo dì mú. Ẹ̀yìn mi nà díẹ̀. Mo rà á.

Ẹni tó kàn fẹ́ jókòó gbẹdẹmukẹ lórí ọ̀dà, kẹ̀kẹ́ mìíràn rọrùn fún un ju èyí lọ. Fún ọ̀nà tèmi, tí ìdajì rẹ̀ máa ń di ẹrẹ̀ nígbà òjò, ó tó. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń jẹ́ kí wọ́n ṣáájú. Bó bá wù mí láti sáré, mo máa ń dá jáde láàárọ̀ Sọ́ńdè, kí n tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì.