Ojú Ìwé Aláǹtakùn Tí Mo Mu

Lánàá, mo ń kọjá níwájú ilé-kéwú kan ládùúgbò wa ní Ìwó. Àwọn ọmọ ń fọ wàláà wọn, òórùn tàdáà tútù tí wọ́n fi kọ kéwú sára rẹ̀ sì gba imú mi. Bí inú ṣe bí mi nìyẹn, lójú pópó, ní ọjọ́ orí mi yìí! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jókòó kí n sọ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ Làmídì.

Ọdún tí ìjọba sọ ilé-ìwé di ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi èmi náà síbẹ̀. Àárọ̀ ni ilé-ìwé, ìrọ̀lẹ́ ni ilé-kéwú. Ìwé kan ṣoṣo ni kíláàsì wa ní, ìwé aláwòrán nípa aláǹtakùn kan tó ń wá ibi tí yóò hun ilé sí. Ikùn rẹ̀ rí rìbìtì, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tààrà, wọ́n tún wá dé e ní fìlà! Tísà wa á gbé e sókè, wọn á máa fi pàṣán tọ́ka sí ọ̀rọ̀, àwa náà á máa ké tẹ̀lé wọn. Wọ́n ní ẹni tí kò bá lè kà á níwájú alábẹ̀wò tí ìjọba máa rán wá kò ní dé kíláàsì kejì. Bàbá mi sì ti sọ tiwọn: bí mo bá fìdí rẹmi, ó di Kuta, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn, kí n máa pa èkùrọ́.

Ẹ̀rù bà mí. Mo lọ bá Làmídì, ọmọ ilé kejì wa, tó máa ń kà á geere. Mo ní báwo ló ṣe ṣe é? Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Mo fọ̀ ọ́ mu ni. Ṣé o kì í mu hàǹtú ni?"

Ní ilé-kéwú, àáfáà wa máa ń kọ àdúrà sára wàláà, wọn á fi omi fọ̀ ọ́, wọn á ní ká mu ún kí orí wa lè ṣí. Kí ni mo fẹ́ bá a jiyàn sí? Mo jí ìwé náà gbé, mo rẹ ojú ìwé kẹrin sínú igbá. Tàdáà òyìnbó kọ̀, kò ṣí kúrò lára ìwé. Ìwé ló di ògì, mo sì mu ún tán pátápátá.

Tísà nà mí bí ẹni máa kú. Làmídì ń rẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Amùwé. Tísà kọ ọ̀rọ̀ ojú ìwé náà sójú pátákó, wọ́n ní kí n máa dà á kọ lọ́sọ̀ọ̀sán títí yóò fi dára tó èyí tí mo bà jẹ́. Háà, mo kọ ọ́! Ìbínú ló kọ́ mi lẹ́tà. Ìgbà tí mo wá mọ̀ ọ́n kà tán ni mo ṣàkíyèsí ìka Làmídì: ìka ti dé òpin ìlà, ẹnu ṣì wà láàárín. Olè ọmọ! Àkọ́sórí ni gbogbo rẹ̀.

Tísà yẹ iṣẹ́ mi wò, wọ́n ní kí n fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Òmíràn tí mo fúnra mi kọ ni mo lẹ̀ mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ tí alábẹ̀wò dé, Làmídì ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ó gbé àyà síwájú, ó fi ìka sí ojú ìwé mi: "Aláǹtakùn gun igi, ó ń hun ilé rẹ̀." Alábẹ̀wò yọjú wo ìwé náà láti ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ní kó tún un kà. Ó tún un kà, ó tilẹ̀ pariwo sí i. Ni àwọn fúnra wọn bá ka ohun tí mo kọ síta: "Làmídì kò mọ ìwé kà. Ẹnu lásán ni."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìtọ̀ ṣàn wálẹ̀ lẹ́sẹ̀ Làmídì. Inú mi dùn, ẹ má purọ́ fún mi pé kò yẹ kó dùn!

"Ta ló kọ èyí?"

Mo kúnlẹ̀, Kuta nìkan ni mo ń rò. "Èmi ni, sà."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Làmídì ni, sà."

Mo dé kíláàsì kejì, mo sì di tísà fúnra mi. Bàbá Làmídì mú un kúrò nílé-ìwé lọ́sẹ̀ yẹn, ó di oko Olúpọ̀nnà. Lónìí, gbogbo ọmọ ló ní ìwé tirẹ̀, aláwọ̀ mèremère. Àwọn ọmọ ṣì ń tan ara wọn jẹ bíi tàtijọ́.

Làmídì kú lọ́dún tó kọjá, kò lè ka orúkọ ara rẹ̀. Níbi fìdáù rẹ̀, àáfáà ní kí gbogbo ẹni tí olóògbé bá ṣẹ̀ dárí jì í. Èmi náà ní mo ti dárí jì í. Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀rù kan ṣoṣo tó ń bà mí ni pé bóyá òun náà kú láìdárí jì mí.