Lẹ́tà Tí Bàbá Mi Ní Kí N Kọ

Ọmọ bíbí ìlú Ọjọ́ l’Ékòó ni bàbá mi, wọ́n sì kọ́lé sí Okokomaiko, níbi tí èmi náà ń gbé pẹ̀lú wọn. Ọkùnrin Ìgbò kan tó ń ta fáànù ní Alábà ti gba yàrá méjì nínú ilé náà láti ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà. Lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé bàbá ṣubú, òun ló pọ̀n wọ́n dé títì, tó sì bá wa dé ọsibítù.

Lọ́jọ́ kejì ìbò ààrẹ, bàbá bi í pé ta ló dìbò fún. Ì bá parọ́, kò parọ́. Ó dárúkọ ẹni tó dìbò fún, ọmọ Ìgbò bíi tirẹ̀.

Bàbá ò pariwo. Wọ́n wọlé, wọ́n pè mí, torí èmi ni mo máa ń bá wọn kọ̀wé.

“Kọ lẹ́tà fún un pé mo fẹ́ gba ilé mi. Oṣù mẹ́ta.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó pọ̀n yín nìyẹn.”

“Mi ò gbàgbé. Àmọ́ kò lè máa sùn nínú ilé mi, kó tún máa fi ìbò gba ìlú mọ́ wa lọ́wọ́. Kọ ọ́.”

Ohun tí bàbá ò mọ̀ ni pé ẹni tí ayálégbé wọn dìbò fún ni èmi náà dìbò fún. Mo mú bírò, mo kọ lẹ́tà, mo mú un lọ fún un.

Ó kà á lórí ìdúró, ìyàwó rẹ̀ ń wò ó lójú. Ó ní, “Tíṣà, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ ká lọ ni?”

Mo ní bàbá ló ni ilé.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, àwa tíṣà àti àwọn ọmọ iléèwé ń jẹ́jẹ̀ẹ́ pé a ó dáàbò bo ìṣọ̀kan Nàìjíríà. Ọmọbìnrin ayálégbé wa wà ní ìlà iwájú, ohùn tirẹ̀ ló ròkè jù. Ilẹ̀ ni mo ń wò.

Oṣù mẹ́ta ò pé tí ọkùnrin náà àti ìdílé rẹ̀ fi kó lọ sí Ìba. Bàbá ò jáde síta lọ́jọ́ tí wọ́n ń kẹ́rù. A ṣì jọ ń jẹun, èmi àti bàbá, ṣùgbọ́n tí rédíò bá ti dé orí òṣèlú, mo máa ń dìde lọ fọ abọ́.

Lóṣù tó kọjá, mo pàdé ìyàwó ọkùnrin náà ní Ìyànà-Ìba. Ó kí mi dáadáa, ó bèèrè àlàáfíà bàbá, ó ní kí n bá àwọn kí wọn. Mi ò tíì jẹ́ iṣẹ́ náà.