Ìkúnlẹ̀ Tí Ìyá Mi Kò Rí

Ọmọ Ìfọ́n ni ìyàwó mi, èmi ọmọ Ìlobù, ìlú méjì tí ìjà ilẹ̀ ti wà láàárín wọn tipẹ́. Nígbà tí ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há, a ní òtútù ni. Ó lá oyin, ó jẹ orógbó títí ahọ́n rẹ̀ fi bó. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ohùn náà kò ju èémí lọ.

Ìyá mi ń gbé pẹ̀lú wa. Ojú rẹ̀ ti fọ́, etí ló fi ń mọ ẹni tó kí i. Láràárọ̀, tó bá ti kírun Àsùbáà tán, ìyàwó mi á kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, á la ẹnu. Ìyá mi kì í gbọ́ nǹkan kan.

“Ìyàwó rẹ ló kọjá yẹn, àbí? Kò tún kí mi. Ṣé wọ́n ti ṣèpàdé ní Ìfọ́n pé àwọn ò ní kí ará Ìlobù mọ́ ni?”

Ìyàwó mi á wò mí láti orí ìkúnlẹ̀. Ó yẹ kí n sọ pé, “Ìyá, iwájú yín ló kúnlẹ̀ sí.” N kò sọ ọ́, n kò sì sọ fún un pé ohùn ìyàwó mi ti lọ. Mo ní ìyá mi ti dàgbà, n kò fẹ́ já a ní koro. Nígbà tó yá, ìyàwó mi ni mo ń bá wí pé kó gbìyànjú, kó pariwo díẹ̀.

Ó di oṣù keje, tí omi mímu ń pá a lórí, kí n tó gbé e lọ sí ọsibítù l'Óṣogbo. Dókítà, obìnrin kékeré kan, ti nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ oníná bọ imú rẹ̀, ó fi wo ọ̀fun. Wọ́n tún ya fọ́tò àyà.

“Okùn ohùn méjì ló wà nínú ọ̀fun, sà. Ti apá òsì kò lè mira mọ́.”

Mo bi í pé kí ló fà á.

“Ohun tó lè fà á pọ̀. Iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ lè ba iṣan rẹ̀ jẹ́. Ìjàǹbá lè ṣe é, àìsàn náà lè ṣe é. Nígbà mìíràn, a kì í rí ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣan ti apá òsì máa ń gba inú àyà kó tó gòkè padà. Kókó kan wà níbẹ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ ò tètè wá, sà.”

Jẹjẹrẹ ni. Kò lò tó oṣù mẹ́rin sí i.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, àbúrò rẹ̀ obìnrin jókòó ti ìyá mi, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ìkúnlẹ̀. Ìyá mi kọjú síbi tó ti gbọ́ ikọ́ mi.

“Ìwọ ńkọ́? Ṣé ojú tìẹ náà fọ́ ni?”

Ó ní òun kò lè bá mi gbé mọ́. Èmi ni mo di ẹrù rẹ̀, tí mo sìn ín dé ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. N kò bẹ̀ ẹ́. Òun kọ́ ni mo ṣẹ̀.