Bí Mo Ṣe Kó Àwọn Amirí Mi Lọ sí Ọ̀jọ́

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní Sátidé ọjọ́ náà tí mo fi gbé àpò ńlá kan jáde nílé wa ní Òkokomáìkò. Mo fi aṣọ àtijọ́ wé ohun tó wà nínú rẹ̀ kó má bàa fọ́. Bọ́búhẹ́ẹ̀dì ni wọ́n, ère kékeré tí wọ́n fi ya àwọn tó ń gbá bésíbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá ní Amẹ́ríkà. Sípíríǹgì ló so orí wọn mọ́ ọrùn. Tí nǹkan bá ti kàn wọ́n, wọ́n á máa mirí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè wọ́n ní amirí. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Amẹ́ríkà ló ń fi wọ́n ránṣẹ́. Lọ́hùn-ún, wọ́n máa ń pín wọn fún àwọn tó bá tètè dé pápá, bí a ṣe ń pín abọ́ àti ike níbi ìnáwó nílé wa.

Ìyá ìyàwó mi ló ní kí n kó wọn jáde. Màmá wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ, wọ́n sì máa ń jí gbàdúrà. Tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ti ń gbọn ògiri wa, gbogbo orí yẹn á máa mì.

Màmá ní, "Mi ò lè máa gbàdúrà kí ère máa ṣe àmín sí i. Kí wọ́n lọ, tàbí kí n lọ."

Ìyàwó mi gbé ọmọ, ó ń wò mí. Iṣẹ́ àtúnṣe fíríìjì tí mò ń ṣe kì í jẹ́ kí n tètè wọlé. Tí Màmá bá lọ, òun nìkan ni ọmọ máa kù sí lọ́wọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ wa kọjá Igbó-Elérin, àwọn ṣọ́ọ̀bù kò tíì ṣí. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ìyànà Ìbà, mo ra búrẹ́dì àti àkàrà gbígbóná, mo wọ kẹ̀kẹ́ márúwá lọ sí Ìbà. Kòtò pọ̀ lójú ọ̀nà náà, orí amirí kan sì yọ láti inú àpò.

Onímárúwá wò ó nínú dígí. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹni yín yìí ń gbà fún mi. Ṣé mo lè fi owó kún owó ọkọ̀?"

Mo ní, "Òun kọ́ ló máa san án."

Ilé Ràṣíìdì ni mò ń lọ. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, kọ́tìnnì ló ń tà, òun nìkan sì ni mo lè bá sọ̀rọ̀ bésíbọ́ọ̀lù. Orí fóònù la ti ń wò ó. Inú ṣì ń bí i nítorí eré tí ẹgbẹ́ wa gbá kẹ́yìn. Àwa la wà níwájú, ó ku ẹnì kan péré ká lé jáde, ni wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù kọjá ọgbà, wọ́n sì borí wa. Kò dà bíi bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa. Kò sí aago tó máa gbà ọ́. Àfi kó o lé ẹni ìkẹyìn jáde.

Ràṣíìdì ní, "Ọwọ́ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ò tíì rẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n yọ ọ́?"

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí àpò, ó mi orí tirẹ̀. "Ọ̀rẹ́, inú yàrá yìí ni mo ti ń kírun. Mi ò lè kó ère síbí." Mo wo ẹní ìkírun rẹ̀, mi ò lè bá a jiyàn. Ó pe kóòṣì kan tó mọ̀ ní Ọ̀jọ́, ó sì júwe ọ̀nà fún mi.

Obìnrin ni kóòṣì yìí, olùkọ́ ni. Pápá oníyanrìn ló ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní bésíbọ́ọ̀lù. Ó tú àpò náà, ó gbé amirí tó ń ju bọ́ọ̀lù sókè.

Ó sọ fún wọn pé, "Ẹ wo ibi tó gbé ẹsẹ̀ sí. Ohun tí mo ti ń sọ nìyẹn."

Mo fi àwọn amirí náà sílẹ̀ fún wọn. Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, ó ní, "Ẹ dúró, sà. Ẹnì kan ò wá. Ẹ bá wa dúró sẹ́yìn lọ́hùn-ún."

Ìbọ̀wọ́ kò kárí, ọwọ́ lásán ni mo lọ. Nígbà tí igi ba bọ́ọ̀lù, ìró rẹ̀ le ju ti fóònù lọ. Bọ́ọ̀lù lọ sókè, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo mú un. Omi bọ́ lójú mi. Àwọn ọmọ náà ń pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí mo délé, àtẹ́lẹwọ́ mi ti wú. Màmá gbé omi gbígbóná wá, wọ́n ń fi aṣọ jó o. Wọ́n ní, "Báwo ni bọ́ọ̀lù ṣe lè ṣe báyìí fún èèyàn?"

Mo ní, "Ó le bí òkúta, Mà." Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo eré yẹn, tí mo ń to ère àwọn tó ń gbá a. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé ó ń dunni.