Iyùn Tí A Kò Wẹ̀ Fún

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ìbínú bàbá mi, kí ó ti ọwọ́ tó fi jẹ mọ́ín-mọ́ín bọ inú àpótí dígí wọn. Ọ̀gbẹ́ni Oyèṣọlá, ẹnjiníà ọkọ̀ òkun, ẹni tí kì í bá ọmọ jà lórí ìwé, tí kì í bá ìyàwó jà lórí ọbẹ̀ tó jóná, á fò dìde bí ẹni tí iná jó. Iyùn ni wọ́n ń sìn. Kì í ṣe iyùn ọrùn o. Iyùn tó wà láàyè ni, tó ń jẹun, tó ń la ẹnu tó sì ń pa á dé nínú omi iyọ̀, ní pálọ̀ wa ní Bódìjà, lẹ́yìn ọjà pákó.

Jámánì ni wọ́n ti kọ́ ọ, nígbà tí ọkọ̀ wọn máa ń gúnlẹ̀ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ náà kógbá sílé, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kó fíríìjì àti mọ́tò bọ̀ wálé. Bàbá mi kó dígí, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, àti iyùn mẹ́ta. Màmá mi, Àbẹ̀ḿbí, wo ẹrù náà títí, wọ́n ní, "Bàbá Morẹ́nikẹ́, ṣé èyí náà la ó máa jẹ?" Èmi ni Morẹ́nikẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí.

Omi òkun ń ti Èkó bọ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì. Bí iná bá lọ, bátìrì mọ́tò ni bàbá mi fi ń gbé ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́, àwa ọmọ ènìyàn á sì jókòó sínú òkùnkùn. Iyùn mẹ́ta di mẹ́sàn-án. Àwọn èèyàn ń ti Àgbowó àti Ring Road wá wò ó, wọ́n á ní òkúta ni, bàbá mi á bá wọn jiyàn títí oúnjẹ wọn á fi tutù.

Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú ilé náà tí kò ní àforíjì: iyùn tuntun kò gbọdọ̀ bá àwọn ti ilé pàdé láì wẹ̀. Abọ́ tánganran funfun kan wà fún un lórí kọ́bọ́ọ̀dù, lókè ẹ̀yìn àpótí dígí gan-an. Bàbá mi á bu omi òkun sí i, wọ́n á kán áyódìnì sí i títí omi á fi pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì, wọ́n á wá ri iyùn àlejò náà bọ inú rẹ̀. Èmi ni mo máa ń di aago mú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n á máa mì ín díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì rí ohun tó ń já bọ́ sísàlẹ̀ abọ́: aràn pẹlẹbẹ tí kò ju èékánná ọmọ tuntun lọ, ìgbín wíńníwínní tí kò ní ìkarahun. Gbogbo wọn, iyùn loúnjẹ wọn.

"Ṣé o rí i?" bàbá mi á ní. "Ẹwà ló gbé wọn wọlé. Ẹni tó bá lẹ́wà jù ni kí o kọ́kọ́ wẹ̀ fún."

Nígbà tí mo mú ọkọ mi wálé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n wò ó láti òkè délẹ̀, mo sì mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn.

Oṣù kẹta ọdún 1997 ni àrùn rọpárọsẹ̀ dá bàbá mi dùbúlẹ̀. Apá ọ̀tún lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu náà bá wọn lọ. Ohun tó kù kò ju "ẹ̀ẹ̀n" lọ. A gbé àga wọn síwájú àpótí dígí, torí ibẹ̀ nìkan ni ojú wọn ti ń tàn. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ni mò ń ti Challenge wá pààrọ̀ omi, tí mò ń bọ́ iyùn. Bí mo bá ṣe é dáadáa, wọ́n á fi ọwọ́ òsì lu apá àga lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá ṣe é bàjẹ́, wọ́n á lù ú títí etí mi á fi dí. Ohun tó so wọ́n mọ́ ayé kò ju ìyẹn lọ, gbogbo wa ló sì mọ̀ ọ́n. Bí iyùn bá fi lọ, mi ò mọ ohun tí bàbá mi á tún máa jí wò.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹfà, Alhaji Mọ́ṣúdù dé. Kúùkù ni wọ́n nínú ọkọ̀ bàbá mi tẹ́lẹ̀, ọdún mọ́kàndínlógún ni àwọn méjèèjì fi jọ wà lórí omi. Láti pápákọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti bọ́ sínú ọkọ̀ Ìbàdàn, wọn ò tíì dé ilé ara wọn, kúlà kan ló wà lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n ti rí bàbá mi lórí àga, wọ́n bú sẹ́kún. Àgbàlagbà tó síngbọnlẹ̀, tó ń sunkún bí ọmọdé. Nígbà tí wọ́n nu ojú tán, wọ́n ṣí kúlà. Iyùn ni, aláwọ̀ elésè àlùkò, ó tóbi tó ẹ̀ṣẹ́ méjì. Mi ò rí èyí tó lẹ́wà tó o rí.

"Ọ̀gá mi, láti Jámánì ni o! Mo ní mi ò ní wá kí yín lọ́wọ́ òfo."

Ojú mi lọ sí abọ́. Mo búra fún yín, ó lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àgbàlagbà gbé ẹ̀bùn ti òkè òkun bọ̀, omi ojú rẹ̀ kò tíì gbẹ, kí èmi ọmọ àná wá gbé oògùn apakòkòrò jáde, kí n máa fọ ẹ̀bùn náà lójú rẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀gbin ló gbé wá? Ta ló tọ́ mi? Mo dá ọgbọ́n kan.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbà á, sà. Ẹ jókòó, kí ẹ mu omi ná."

"Rárá o, ọmọ mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi gbé e síbẹ̀ fún wọn." Alhaji ti ká apá agbádá sókè.

Ìgbà yẹn ni bàbá mi ké.

"Ẹ̀ẹ̀n! Ẹ̀ẹ̀n!" Ọwọ́ òsì wọn gòkè, ojú wọn wòkè, omi sì ń dà lójú náà. Alhaji dúró sójú kan.

"Ẹ ò rí i? Wọ́n ń wúre fún mi!" Ni wọ́n bá kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì wa, tàwọn ti iyùn. "Àmín, ọ̀gá mi. Àmín o."

Màmá mi náà kúnlẹ̀. Bàbá mi ní "Ẹ̀ẹ̀n!", a ní "Àmín!" Bí wọ́n ṣe ń ké sí i ni à ń gbà á sí i. Èmi náà kúnlẹ̀, ohùn mi ló sì ròkè jù. Oṣù mẹ́ta ni mo fi bẹ Ọlọ́run pé kí ohùn bàbá mi padà. Nígbà tó wá padà báyìí, mo rò pé àdúrà ló kọ́kọ́ bá jáde. Iyùn tí wọ́n sì ti wúre lé lórí, ta ló máa tún gbé ìyẹn wẹ̀? Alhaji rọra gbé e sínú omi, láàrin àwọn mẹ́sàn-án. Ọwọ́ bàbá mi já bọ́ sórí itan wọn, wọ́n sì di ojú. Màmá mi ní ayọ̀ ló rẹ̀ wọ́n.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan lára iyùn tó sún mọ́ ti Alhaji ti funfun. Mo gbé e, mo yí i padà. Aràn pẹlẹbẹ ló lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ẹyin wọn tò bí irúgbìn. Mo yíjú sí bàbá mi. Iyùn kọ́ ni wọ́n ń wò. Òkè kọ́bọ́ọ̀dù ni ojú wọn wà, níbi tí ọwọ́ òsì wọn nà sí lọ́jọ́ àdúrà. Abọ́ tánganran ló wà níbẹ̀. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Mo kó gbogbo wọn jáde, mo wẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Aràn já bọ́ wàràwàrà. Ṣùgbọ́n áyódìnì kì í pa ẹyin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ẹyin náà ti di aràn, mo tún wẹ̀ fún àwọn iyùn, ẹyin mìíràn tún di aràn. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Mo kàwé, mo ní ọwọ́ méjì tó ń ṣiṣẹ́, bàbá mi sì ní gbogbo ìmọ̀ lórí, kò sí èyí tó wúlò fún ìkejì nínú wa. Màmá mi fẹ́ yí àga wọn sí ojú fèrèsé kí wọ́n má baà máa wò ó. Wọ́n lu apá àga náà títí a fi yí i padà. Ojú wọn ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Èyí tí wọ́n ti ń sìn láti ìgbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama kú ní ọjọ́ Àìkú kan, bí a ti ń múra ṣọ́ọ̀ṣì. Ti Alhaji ló kú gbẹ̀yìn.

Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo ní, "Ẹ forí jì mí, sà. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò sọ." Wọ́n fi ọwọ́ òsì kàn mí lórí. Ìyẹn gan-an ló pa mí jù, ì bá sàn kí wọ́n lu àga.

Oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀lé e ni Alhaji Mọ́ṣúdù padà wá, ẹ̀rín kún ẹnu wọn. Nimotallahi, ọmọ wọn obìnrin, tó ti wà nílé ọkọ fún ọdún mọ́kànlá láìgbọ́ igbe ọmọ, ti bímọ ọkùnrin. "Ọ̀gá mi, àdúrà yín ni! Mo ti sọ fún gbogbo ayé. Àdúrà tí ẹ gbà fún mi nínú pálọ̀ yìí ni." Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bí wọ́n ti dìde ni wọ́n rí àpótí dígí, omi lásán nínú rẹ̀.

"Iyùn dà?"

Mo la ẹnu. Ọwọ́ òsì bàbá mi mú ọrùn ọwọ́ mi. Mi ò mọ̀ pé ó ṣì lágbára tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n mi orí sí mi, ẹ̀ẹ̀kan péré.

"Àìsí iná ni, sà," ni mo wí.

Alhaji bú iná, wọ́n bú ìjọba, wọ́n bú gbogbo ẹni tó yẹ ní bíbú. Lẹ́yìn náà wọ́n fọwọ́ sọ àyà. Wọ́n ní kí ọkàn wa balẹ̀, bí àwọn bá tún lọ sí Jámánì ní oṣù kẹjọ, méjì ni àwọn máa rà bọ̀, ọwọ́ ara àwọn náà ni àwọn sì máa fi gbé e sínú omi.

"Ẹ ṣeun, sà," ni mo wí. Bàbá mi kò tíì fi ọwọ́ mi sílẹ̀.